Àwọn Àlejò Ìtànná-Pupa ní Ìlú Òjíṣẹ́-Kò-Sùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ tòsí. Kí ẹni tí ó bá ní ikọ́ wú u tán. Kí ẹni tí ó bá gbé ọmọ ọwọ́ fún un ní ọmú. Nítorí pé bí mo bá ti la ẹnu, n kò ní yí padà láti tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tí ó sùn. Èmi ni Ọdẹ́tọ̀kun, ọmọ Ọdẹ́yalé, ọdẹ tí ó wọ igbó tí igbó bì sẹ́yìn fún un. Àwọn kan a máa pa ẹtu, wọn a sì pè é ní ẹfọ̀n. Èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń sọ, bí ó ti rí gan-an ni mo sì ń sọ ọ́. N kì í gé e ní ìrù, n kì í sì í lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn.

Kí ni mo gbọ́ yẹn, Ìyá Adéoyè? Ẹ ní ewúrẹ́ ni ẹfọ̀n tí mo pa ní èṣí? Ó dára. Ẹ rẹ́rìn-ín tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Àwọn tí ń fi ewúrẹ́ bú mi yìí, ọbẹ̀ ẹfọ̀n náà kò tíì gbẹ ní ètè wọn.

Mo ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ìyá kan náà ni ó bí wa. Ní ọjọ́ kan tí ó ń gé igi apá ní oko, igi náà kò wó sí ibi tí ó fojú sùn. Ó yí, ó sì wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀, egungun ojúgun sì dá. Nígbà tí a gbé e dé ilé, igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹyẹ bà lé òrùlé wa. Kò lè jẹun, kò lè sùn. Bàbá Olúpọ̀nà, ẹni tí ó máa ń to egungun fún gbogbo ìlú wa, dé pẹ̀lú igi ìdè àti ọwọ́ rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́; ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà bá ti kan ẹsẹ̀, Ọdẹ́rìndé a ta bí ẹja tí a jù sórí yanrìn, egungun tí ó ti fẹ́ pàdé a sì tún pínyà. Bàbá náà nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì pè mí síta.

Ó ní, "Ọdẹ́tọ̀kun, ẹsẹ̀ yìí kò kọ iṣẹ́ mi. Ìrora ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Bí a kò bá to egungun yìí kí wíwú rẹ̀ tó di rírà, àbúrò rẹ yóò bá ẹsẹ̀ náà lọ."

Mo ní, "Bàbá, níbo ni ìrora náà wà, kí n lọ yìnbọn fún un?"

Ó ní, "Ẹnu ọdẹ! Ìrora kì í ṣe ẹran. Gba ọ̀nà Igbó Abẹ́-Awọ lọ. Gbogbo ẹni tí ó ń mí láyé ni ó ní ìlú kan níbẹ̀. Ohun tí a bá ṣe ní ìlú náà, ara ẹni tí ó ni ìlú ni yóò jẹ́rìí sí i. Lọ sí ìlú ti àbúrò rẹ, kí o bá wọn pa ariwo náà lẹ́nu mọ́."

Mo so ìbọn kọ́ èjìká, mo ká ẹní mi sí abíyá. Bí mo ti ń jáde ni Àjàgbé dìde tí ó ní òun yóò bá mi lọ. Àjàgbé yìí ni àbúrò Àyọ̀ká, aya Ọdẹ́rìndé. Ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni. Ẹ mọ àwọn ará Ọ̀yọ́. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn ní ìkíni. Ṣùgbọ́n ti Àjàgbé pọ̀ ju ti gbogbo ará Ọ̀yọ́ lọ. Bí a bá kọjá lára òkìtì ọ̀gán, Àjàgbé a kí i pé ó kú ìdúró. Bí a bá rí igi tí ó wó, yóò kí i pé ó kú ìsinmi. Ní ìgbà tí ejò kan sá kọjá lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin àgbà." Mo fún un ní ìgbátí, ó sì dọ̀bálẹ̀ ó dúpẹ́.

Bí a ti wọ Igbó Abẹ́-Awọ, iwin kan bọ́ sí ojú ọ̀nà. Gbogbo ara rẹ̀ ni etí: etí ní àyà, etí ní orúnkún, etí ní àtàǹpàkò. Ó ní kò sí ẹni tí yóò kọjá láìbá òun jìjàkadì. Mo di ṣòkòtò mi. Ó gbé mi, ó fi mí lu ilẹ̀. Mo dìde, mo fi orí kàn án ní inú. Ó bú ramúramù, mo bú jù ú lọ. Eruku sì gba igbó kan. Ta ni ó borí? Ẹ má ṣe bi àgbàlagbà ní ìbéèrè tí ń dójú tì í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Àjàgbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń sọ fún wa pé, "Ẹ kú ìjàkadì o! Ẹ̀yin méjèèjì ni Ọlọ́run yóò bá ṣe é."

Nígbà tí iwin náà rí i pé n kò ní sá, ó ní, "Ó dára. Láti ẹsẹ̀ dé orí ni ó ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹsẹ̀. Inú ẹsẹ̀ ni a ti ń gbúròó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé inú ẹsẹ̀. Kí ni?"

Mo ronú kan igbe àbúrò mi. Ẹnu ni ó ti ń jáde, ẹsẹ̀ ni ó dá. Mo ní, "Ìròyìn ni."

Gbogbo etí ara rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó ní, "Ọgbọ́n rẹ ju ojú rẹ lọ. Ẹsẹ̀ kò mọ ìrora. Iṣẹ́ ni ó ń rán. Orí ni ó ń gba iṣẹ́ náà tí ó ń sọ ọ́ di ìrora. Bí iṣẹ́ kò bá dé orí, ẹsẹ̀ ìbá fọ́ bí ìkòkò, ẹni tí ó ni ín yóò máa sọ̀rọ̀ oko. Gun òkè ọ̀hún. Ìwọ yóò rí àwọn tí wọ́n lè dá òjíṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́: àwọn tí ẹní kan ṣoṣo bá gbà ni kí o mú wọ ìlú. Bí ẹní bá kún, kí ẹni tí ó kù padà."

A gun òkè náà. Ìtànná pupa bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó. Èso tí ó wà lábẹ́ ìtànná náà ń sun oje funfun bí wàrà, àwọn ènìyàn kúkurú kan sì ń jáde láti inú oje náà, ojú wọn tutù, ẹsẹ̀ wọn wúwo, wọn kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ilé-ìwòsàn ju igbó lọ, ọ̀kan nínú ìdílé wọn ni àwọn dókítà ń pè ní mọ́fíìnì, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún fún ẹni tí ìrora bá fẹ́ pa. Mo bi wọ́n léèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ìjókòó."

Mo ní, "Kí ni ẹ tún ń ṣe?"

Wọ́n ní, "Bí a bá jókòó tán, a ó tún jókòó."

Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Gbogbo òkè sì dìde tẹ̀lé wa! Nígbà tí a dé ẹnubodè Ìlú Òjíṣẹ́-Kò-Sùn, mo tẹ́ ẹní mi sílẹ̀, mo mú àwọn tí ó gbà wọlé, mo sì ní kí Àjàgbé dúró ti àwọn yòókù, kí ó dá wọn padà sí òkè.

Ìlú náà kò jọ ìlú tí ẹ rí rí. Ilé rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn láti ìsàlẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀, títí dé ààfin òkè tí wọ́n ń pè ní Orí. Láàrin ilé kan àti èkejì, odò tóóró kan ń ṣàn, kò sì ní afárá. Obìnrin arúgbó kan pàdé mi ní etí odò. Òun ni Ìyá Alápòótí, ẹni tí ó ń gbẹ́ àpótí ìjókòó sí iwájú gbogbo ilé ìlú náà. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé etí mi ni ó fi ẹnu sí.

Ó ní, "Wò ó, ìwọ ọdẹ! Wo ohun tí ń pa àbúrò rẹ."

Mo wò ó. Bí iṣẹ́ bá ti ìsàlẹ̀ dé ilé kan, gbogbo ilé náà a gbọ̀n rìrì. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà ní etí odò a ṣí, àwọn ọmọ funfun kan tí ara wọn dà bí ẹni tí a fi ẹfun kùn, tí wọ́n ti ń dúró níta, a sì ya wọlé. Ìkánjú wọn a mú wọn kọ lu pẹpẹ tí a to àwọn àdó wẹ́wẹ́ sí, àdó a já sínú odò, omi a sì gbé wọn lọ sí òdì kejì. Bí àdó bá ti kan ilẹ̀kùn ilé kejì, iná a ràn nínú ilé náà, òun náà a gbọ̀n, àdó tirẹ̀ a sì já sínú odò tí ó kàn. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń ti ilé dé ilé títí dé Orí, tí Orí sì ń ké pé, "Ẹsẹ̀ mi! Ẹsẹ̀ mi!"

Mo ní, "Ìyá, mo mú àlejò wá."

Ó ní, "Mo rí wọn. Fi ìdí wọn sí ibi tí ìdí ń gbé."

Àlejò àkọ́kọ́ jókòó sórí àpótí tí ó wà ní iwájú ilé ìsàlẹ̀. Okùn kan tí a so mọ́ àpótí náà lábẹ́ ilẹ̀ fà, àwọn ilẹ̀kùn etí odò sì pa dé. Àwọn ọmọ ẹfun kan ilẹ̀kùn, wọ́n bínú, wọ́n fi ẹsẹ̀ ta á. Wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Àdó jókòó jẹ́ẹ́ lórí pẹpẹ. Àlejò kejì wọ́dò lọ sí òdì kejì, ó jókòó sí iwájú ilé kejì. Níbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni okùn fà ṣí. Àwọn ọmọ eérú tí wọ́n ń gbé inú ilé náà, tí ara wọn gbóná bí ààrò, rọ́ jáde láti gba atẹ́gùn. Bí wọ́n ti jáde, ilé náà tutù bí àmù. Àdó tí ó yọ́ kọjá dé ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn títí, iná kò ràn. Ariwo rọlẹ̀. Mo gbọ́ tí Orí mí ìmí ìtura, mo sì fò sókè.

Mo ní, "Ìyá, báwo ni ẹ ṣe gbẹ́ àpótí sílẹ̀ de àlejò tí ẹ kò rí rí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé àlejò ni mo gbẹ́ ẹ dè? Ọmọ tèmi ni mo gbẹ́ ẹ fún. Ìtura ni orúkọ rẹ̀. Inú ìlú yìí ni a bí i sí. Bí ènìyàn bá sáré títí ara rẹ̀ fi yá, tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun tí kò sì mọ̀ títí ó fi délé, Ìtura ni ó jáde wá jókòó. Ṣùgbọ́n igi tí ó wó lu àbúrò rẹ ju agbára ọmọ mi lọ. Àwọn Ìtànná-Pupa wọ̀nyí kò jọ ọ́ lójú, wọn kò jọ ọ́ lóhùn. Ìdí wọn ni ó bá àpótí mu. Àpótí kì í wo ojú, ọmọ mi; ìdí nìkan ni ó mọ̀."

Ó tún fi ìka kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Bí àlejò bá sọ àpótí di ti baba rẹ̀, èmi a gbé àpótí wọ yàrá. Nígbà náà ni ẹ ó máa pe àlejò kún àlejò, kí ẹ tó rí ìdákẹ́jẹ́ tí ẹyọ kan ń mú wá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì lé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, igbe tí ìlú yìí yóò ké, n kò fẹ́ wà níbẹ̀."

A ń sọ èyí lọ́wọ́ ni atẹ́gùn ìlú náà dẹwọ́. Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run ń ṣú, ó ń dà bí aṣọ tí a rẹ sínú aró. Mo sáré padà sí ẹnubodè. Ẹnubodè ṣófo! Àjàgbé nìkan ni mo bá, tí ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, tí ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí ó ṣe rere.

Mo kígbe pé, "Àjàgbé! Àwọn àlejò dà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mú wọn wọlé. Inú oòrùn ni wọ́n wà lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí àpótí tí ó ṣófo nínú ìlú. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni? Kí ni wọn yóò sọ nípa wa bí wọ́n bá délé?"

Ẹ má bú u. Ta ni nínú yín tí yóò jókòó kí àlejò dúró? Inú ọmú ìyá rẹ̀ ni ó ti mu ìwà náà. Ṣùgbọ́n àpótí àwọn ilé òjíṣẹ́ ti kún. Àwọn tí kò rí àyè ti ń gun òkè lọ, wọ́n sì ti dé Ilé Ẹwìrì tí ó wà ní ọrùn ààfin. Nínú ilé náà, ọkùnrin kan ń fín ẹwìrì láti ọjọ́ tí a ti bí àbúrò mi. Atẹ́gùn ẹwìrì náà ni èémí Ọdẹ́rìndé. Àpótí irú kan náà ni Ìyá Alápòótí gbẹ́ sí iwájú rẹ̀. Bí àwọn àlejò ti ń jókòó ni ọwọ́ ọkùnrin náà ń rọ. Ojú rẹ̀ ń kún fún oorun. Ó fín ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé èkejì.

Mo bẹ àwọn àlejò náà pé kí wọ́n dìde. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fà wọ́n. Wọ́n wúwo bí ọlọ. Mo yìnbọn sókè; kò sí ẹni tí ó wẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ẹkùn kò le láti lé bí ẹni tí ó jókòó láìní ìkà nínú. Mo wólẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Ilé Ẹwìrì, mo sì ń pe orúkọ àbúrò mi.

Ìyá Alápòótí dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Àjàgbé, sáré lọ sí orígun ìlú! Pe Aláìkíni wá!"

Aláìkíni ni ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kì í pè sí àsè. Nígbà tí ó dé, kò kí Ìyá, kò wò mí. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá." Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni kọjá lórí gbòǹgbò. Ó dé ọ̀dọ̀ àlejò àkọ́kọ́, ó fi ìdí tì í dànù, ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ìdí tirẹ̀ tilẹ̀ bá àpótí mu ju ti àlejò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jókòó, okùn kò fà, nítorí pé kò fi ara tẹ̀ ẹ́. Ó kàn gba àyè lásán ni. Ó pín bí òjìji, ó sì wà lórí gbogbo àpótí ìlú náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àlejò ń ṣubú gbì, gbì, gbì.

Ọkùnrin ẹwìrì ya ẹnu, ó na ara, ó sì di ọwọ́ ẹwìrì mú. Fùùù! Atẹ́gùn gba ìlú. Aró ojú ọ̀run ṣí kúrò. Nígbà náà ni igbe kan sọ̀ kalẹ̀ láti Orí tí ó mi gbogbo ògiri:

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o! Ẹ gbà mí o!"

Ẹ gbọ́ mi: èmi tí mo rìn wọ igbó nítorí kí n má baà gbọ́ igbe yẹn mọ́, mo fi ijó pàdé rẹ̀. Mo gbé Ìyá Alápòótí sókè, a jọ jó. Àjàgbé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Aláìkíni wá la ẹnu fún ìgbà kan ṣoṣo. Ó ní, "N kì í pẹ́ níbìkan. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

Ta ni yóò ṣọ́ ọ? Àjàgbé ní òun ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ọkùnrin tí ó bá ìnàkí jà. N kò rí ìjà tí ó le tó ti Àjàgbé ní ọjọ́ náà. Bí àlejò kan bá yọjú, a dọ̀bálẹ̀ fún un, omi a máa bọ́ lójú rẹ̀, a ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹni iyì. Àyè kò sí. Ẹ forí jì mí, mo bẹ̀ yín, ẹ máa lọ." Ṣùgbọ́n kò kúrò ní ẹnu ọ̀nà, títí tí àwọn tí ń rìn kiri fi yọ́ di omi, tí odò sì gbé wọn jáde kúrò ní ìlú.

Lẹ́yìn èyí, nígbà tí Aláìkíni ti bá tirẹ̀ lọ, mo pe àlejò mìíràn wá láti òkè, mo sì tún tẹ́ ẹní mi. Ẹní kan péré. Àwọn tí ó gbà wọlé, wọ́n jókòó. Ilẹ̀kùn odò pa dé, àwọn ọmọ eérú jáde, Ilé Ẹwìrì sì ń fín lọ geerege. Láìpẹ́ a gbọ́ ìró kan ní ìsàlẹ̀, kà! Ilé àkọ́kọ́ mì. Mo di ìbọn mú. Àdó méjì tàbí mẹ́ta ni ó já sínú odò. Nígbà tí wọ́n fi dé òkè, wọ́n ti dà bí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò ń sọ lẹ́yìn ògiri. Bàbá Olúpọ̀nà ti to egungun.

Nígbà tí a délé, Àyọ̀ká sáré pàdé wa lójú ọ̀nà. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó sì ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí ni ẹ fi ojú wa rí? Ó kọ́kọ́ dákẹ́, inú mi dùn. Nígbà tí ó yá, ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù. Ètè rẹ̀ dú. Mo pè é, kò jẹ́ mi. Mo fi etí sí imú rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ká ọwọ́ lé orí kí ó tó lọgun. Mo ní, 'Pariwo, ọkọ mi! Pariwo, kí ará àdúgbò gbọ́!' Wọ́n rò pé mo ti ya wèrè."

Àjàgbé dojú bolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwà rere mi ni ó fẹ́ pa ọkọ yín."

Àyọ̀ká gbá a lórí, ó sì tún fà á mọ́ra. Ó ní, "Ọ̀yọ́! Ẹ máa kí ènìyàn sọ́run! Wọlé, kí o lọ jẹun."

A kò lé àwọn àlejò náà tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹsẹ̀ ti ń san ni a ń padà lọ sí ìlú náà láti ká etí ẹní, tí àyè wọn ń dín, títí Ìtura ọmọ ìlú fi jáde wá jókòó sí àyè ara rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Olúpọ̀nà tú igi ìdè, gbogbo ilé dúró yí Ọdẹ́rìndé ká. Ó tinrín, ó gbójú lé ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wo àjèjì.

Bàbá náà ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó dùn ni. Òun ni yóò máa sọ ibi tí o kò tíì gbọdọ̀ tẹ̀ fún ọ. Máa gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó jẹ ọba lé ọ lórí."

Ọdẹ́rìndé gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó fì díẹ̀, ó di èjìká mi mú, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ń rìn lọ sọ́dọ̀ aya rẹ̀, ó ń kérora, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ní kí ó dákẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni ẹnu mi dé. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó gba ọ̀nà igbó. Igbó kò ní ilẹ̀kùn.